Ìwé Ìwọ̀n Màmá Òkè-Bọ́là

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n kò yé mi délẹ̀ títí di ọjọ́ tí a ṣí àpótí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Òkè-Bọ́là, ní ìlú Ìbàdàn, lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Obìnrin náà fi ohun tó lé ní 50 ọdún ránṣọ fún ará ìlú. Gbogbo wa tí a jókòó yí àpótí náà ká ló gbà pé aṣọ ni yóò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ìró àti bùbá mẹ́rin péré la bá níbẹ̀, pẹ̀lú ẹtù kan tí ọkọ rẹ̀ rà fún un nígbà ìgbéyàwó wọn. Àkísà ni gbogbo ìyókù: ègé aṣọ lóríṣiríṣi tí ó fi òwú dì ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, pupa lọ́tọ̀, aláró lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni a ti rí ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ó fi ègé kàmpálà bò lẹ́yìn.

Ìtàn ìwé náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn ìwé kí a má kọ́kọ́ sọ ti ẹni tó kọ ọ́.

Màmá Òkè-Bọ́là ni àwa ọmọ ẹbí ń pè é. Ìyá Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún tí ìyá wọn bí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù January ọdún 1955, ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ti ọmọ tí wọ́n ń fi sí kíláàsì kìn-ín-ní. Ó ti ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sọ́jà, ó ń dáná, ó sì ń pọn àbúrò. Àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wọ iléèwé, ìyá mi sì wà lára wọn. Òun ló ń fọ aṣọ iléèwé wọn lálẹ́, òun ló sì ń rán bọ́tìnnì tó bá já padà sí i. Ó máa ń sọ fún wa pé ibi bọ́tìnnì àwọn àbúrò òun ni abẹ́rẹ́ ti mọ́ òun lọ́wọ́. N kò gbọ́ ọ rí kí ó ráhùn pé òun kò kàwé. Ohun tó máa ń wí ni pé, "Ilẹ̀kùn kan ló ṣí, àwa márùn-ún la dúró níwájú rẹ̀. Ẹni tó ga jù ló máa ń di ilẹ̀kùn mú kí àwọn tó kù tó wọlé."

Nígbà tó yá, wọ́n fi í síṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Gbági. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá kọ́ṣẹ́ láyé ìgbà náà yóò rántí bó ṣe máa ń rí. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọmọ-iṣẹ́ kì í fọwọ́ kan máṣíìnì. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni yóò gbá. Yóò kó èédú sínú áyọ́ọ̀nù, yóò fẹ́ ẹ títí iná yóò fi ràn, yóò sì máa ṣọ́ ọ kí iná má baà ta sára aṣọ oníbàárà. Ọwọ́ ni yóò fi máa ṣẹ́tí aṣọ, ọwọ́ náà ni yóò fi máa rán bọ́tìnnì. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tó jẹ́ kí ó jókòó sídìí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, láìsí òwú nínú rẹ̀, tí yóò máa rán bébà tí a fa ìlà sí, títí abẹ́rẹ́ yóò fi máa tọ ìlà náà láìyà síbì kan. Gígé aṣọ ni wọ́n ń fi kẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ara ìwé ìròyìn Tribune tó ti pẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ kí wọ́n tó gbé aṣọ gidi síwájú ọmọ-iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀gá rẹ̀ sọ nígbà náà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú: "Èyí tí a rán kọ, a ó tú u. Èyí tí a gé kù, ta ni yóò bá wa fà á gùn?"

Ìgbà náà dùn fún ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ. Ní ọdún 1960, Fọláṣadé Thomas-Fahm ti London dé, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Èkó, níbi tí ó ti ń fi aṣọ ilẹ̀ wa rán aṣọ ìgbàlódé. Ó ń rán ìró tó ní sípù, ó sì ń ṣe gèlè tí a ti wé sílẹ̀, tí kò gbà ju kí ènìyàn dé e bíi fìlà. Màmá kò fojú kan obìnrin náà rí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ ó rò pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ó ní òun jókòó lọ́jọ́ kan, òun tú ìró alásípù kan tí oníbàárà gbé wá fún àtúnṣe láti òkè délẹ̀, òun wo bí wọ́n ṣe rán an, òun sì rán an padà kí ilẹ̀ tó ṣú, tí olówó rẹ̀ kò sì mọ̀. Bí ó ṣe ń kọ́ ohun tuntun nìyẹn ní gbogbo ayé rẹ̀: yóò tú u, yóò wò ó, yóò dá a padà.

Lẹ́yìn tó gba òmìnira, ó ra máṣíìnì tirẹ̀, Singer dúdú ẹlẹ́sẹ̀ tí a fi àwọ̀ wúrà kọ orúkọ sí lára. Díẹ̀díẹ̀ ló san owó rẹ̀. Kí náírà tó rọ́pò pọ́n-ùn ní January 1, 1973, ó ti san gbèsè náà tán. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló gbà ní ìsàlẹ̀ Òkè-Bọ́là, tí kò jìnnà sí odò Ògùnpa.

Ẹni tó bá gbé ní Ìbàdàn lọ́dún 1980 yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ní August 31 ọdún náà, lẹ́yìn òjò ńlá, Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀. Omi wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló sì bá a lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Ohun tí mo rántí jù ni ariwo omi nínú òkùnkùn àti ohùn ìyá mi tó ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ kí a tó rí i. Ó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún, ó ń fa aṣọ oníbàárà yọ nínú ẹrẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Máṣíìnì rẹ̀ dojú délẹ̀ sábẹ́ pátákó. Kò tíì gbé e dìde. Aṣọ oníbàárà ló kọ́kọ́ ń kó.

Odindi ọ̀sẹ̀ méjì la fi fọ aṣọ. Ìyá mi ń fọ̀ ọ́, èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń sá a, Màmá ń lọ̀ ọ́. Èyí tó ṣe é rán, ó rán an láìgba kọ́bọ̀ lé e. Èyí tí omi gbé lọ, ó lọ bá olówó rẹ̀ nílé, ó kúnlẹ̀, ó ní òun yóò san án. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sọ fún un pé kò sí ẹni tó lè bá Ògùnpa ṣẹjọ́, kí ó gbàgbé rẹ̀. Ó dá wọn lóhùn pé Ògùnpa kọ́ ni wọ́n gbé aṣọ fún. Ó gbà á tó ọdún méjì kó tó san gbogbo rẹ̀ tán. Ní ti máṣíìnì, ó tú u palẹ̀ bó ṣe tú ìró alásípù ìjelòó, ó fi kẹrosínì fọ irin inú rẹ̀, ó fi òróró sí i, ó sì tò ó padà. Máṣíìnì náà tún ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní 40 ọdún lẹ́yìn ìgbà náà.

Omi gbé ìwé ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́ lọ. Òmíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù September ọdún 1980 ni èyí tí a bá nínú àpótí. Mo ti sọ pé kò kàwé. Ó mọ nọ́ńbà dáadáa, nítorí téépù kò gba àìmọ̀kan, ṣùgbọ́n kò lè kọ orúkọ. Nítorí náà, ó fún olúkúlùkù wa ní àmì. Ìwé pẹlẹbẹ ni àmì ìyá mi, nítorí pé olùkọ́ ni. Fìlà ni ọkọ rẹ̀. Àpò ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó máa ń rìnrìn àjò. Ṣíbí ni èmi, nítorí pé n kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí n má bèèrè oúnjẹ. Ẹ wo ojú ìwé tó ya ṣíbí àkọ́kọ́ sí: 1980, èjìká 10, àyà 23. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún ya ṣíbí, nọ́ńbà sì lé sí i. Bí ó ṣe ń lọ nìyẹn lọ́dọọdún. Kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó kọ bí mo ṣe dàgbà sílẹ̀ báyẹn. Ìyá mi pàápàá kò ṣe é.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀n nìkan ni mo fi ń sọ èyí. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọdún 1986 dé pẹ̀lú ètò ìjọba tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP. Náírà já wálẹ̀, owó aṣọ gòkè, owó oṣù àwọn olùkọ́ bíi ìyá mi kò sì ká nǹkan kan mọ́. Àwọn ènìyàn kò rán aṣọ tuntun mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe ni wọ́n ń gbé wá. Màmá máa ń tú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, yóò yí inú rẹ̀ síta, yóò rán an padà, ṣẹ́ẹ̀tì náà yóò sì dà bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó ń sọ gáùn ìyá di gáùn ọmọ. Ó ń sọ agbádá òkú di bùbá alààyè. Nínú owó kọ́là tí ó ń yí ni ó ti san owó ìdánwò oníwèé mẹ́wàá mi, nínú rẹ̀ náà ló sì ti fún mi lówó ọkọ̀ lọ sí Ilé-Ifẹ̀ nígbà tí mo wọ yunifásítì.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó lọ, Màmá rán ṣòkòtò méjì fún mi. Ó wo ṣòkòtò òkè òkun kan tí oníbàárà gbé wá, ó sì rán tèmi bákan náà gẹ́lẹ́, títí dé orí àpò ẹ̀yìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí i, wọ́n ní níbo ni mo ti rà á. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kan ló fi ránṣẹ́ láti London. N kò ní ẹ̀gbọ́n kankan ní London. Ojú ló ń tì mí láti sọ pé obìnrin tí kò kàwé ló rán an fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù onípáánù. Ó tó 15 ọdún kí n tó lè jẹ́wọ́ fún un. Mo rò pé inú yóò bí i. Ńṣe ló rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, o purọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń bẹ nínú irọ́ náà tó yẹ́ mi sí. Wọ́n gbà pé London ni!"

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó mú mi gbé gègé lónìí.

Ní nǹkan bí ọdún 2009, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Ìyá Aránṣọ ti ń gbéra ga. Wọ́n ní bí wọ́n bá juwọ́ sí i láti òdì kejì títì, kò ní wò wọ́n. Oníbàárà rẹ̀ kan tó ti pẹ́ bínú kúrò, ó ní òun kúnlẹ̀ kí i níbi ayẹyẹ kan tí ìlù ti ń dún, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá bí ẹni pé igi ni òun. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìkíni jẹ́ láàárín àwa Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá, nítorí kò rántí pé òun rí ẹnikẹ́ni. Nínú ilé, ó ń kọ lu àpótí ìjókòó, ó ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi fúnra mi sọ lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, ṣé ilẹ̀kùn ló sún ni àbí ẹ̀yin lẹ sún?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìyá mi ní kí ó lọ yẹ ojú wò, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú, ó fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú wa, láìlo awò. Ó ní, "Ẹni tó rí ojú abẹ́rẹ́, kí ni kò rí?" A gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni kò ní gbà?

Ohun tí a kò mọ̀ nìyí. Àrùn ojú kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma. Omi kan wà nínú ẹyinjú tó máa ń sun, tó sì ní ọ̀nà tó ń gbà ṣàn jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, tí omi náà kò bá ráyè jáde bó ti yẹ, ẹyinjú yóò le, yóò sì máa ba iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sínú ọpọlọ jẹ́. Irú èyí tó wọ́pọ̀ jù kì í dunni, ojú kì í pọ́n. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń jẹ ìríran, ààrin ló sì máa ń kù sẹ́yìn pátápátá. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí obìnrin kan fi lè rí ojú abẹ́rẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, tí kò sì ní rí ènìyàn tó kúnlẹ̀ kí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ìgbéraga. Ayé Màmá ló ń kéré sí i láti etí wá, bí aṣọ tí iná ń jẹ létí, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀.

Ìyá mi pè mí ní Èkó, ó ní kí n wá mú ẹ̀gbọ́n òun lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Mo ní mo ń bọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo sọ pé tó bá di ọdún Àjíǹde, mo tún sọ pé tó bá di Kérésìmesì. Odindi ọdún méjì ló kọjá lórí "mo ń bọ̀" náà. Ní ọdún 2012 tí mo wá mú un lọ, dókítà wo ojú méjèèjì, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́. Ó ní oògùn kíkán lè dá ìyókù dúró, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni, kò gbọdọ̀ pa á jẹ. Ó wá bi mí léèrè pé, "Kí ló dé tí ẹ pẹ́ tó báyìí?" N kò rí ìdáhùn kan fún un.

Owó oògùn náà kò kéré. Mo ń fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ó gbà pẹ̀lú mi pé bí a ṣe ń fowó ránṣẹ́ sí àgbà kì í bá ìgbà tí oògùn ń tán mu. Aránṣọ kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Ó ti san owó orí, ó ti san owó ṣọ́ọ̀bù, ó ti san owó ẹgbẹ́, ó sì ti kọ́ ọmọ-iṣẹ́ tó lé ní 40 títí wọ́n fi gba òmìnira. Kò sí ibi kan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé, lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ bá fọ́, ẹnì kan yóò san nǹkan kan fún un. Àwa ọmọ ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Àwa ọmọ náà sì ni a máa ń pẹ́.

Ó bá a débi pé kò ríran rárá mọ́. Síbẹ̀, kò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Yóò jókòó, ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn yóò máa rán, òun yóò sì máa fi ìka tọ ojú ìrán náà lẹ́yìn. Bí ó bá kan ibi tó wọ́, yóò ní, "Tú u." Kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọdún 2019, mo lọ kí i. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ìyàwó mi. Mo wọ agbádá tó fẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń ṣàwàdà. Màmá ní kí n súnmọ́ òun kí òun wọ̀n mí. Ọwọ́ ló fi wọ̀n mí nígbà náà, ó ń ka ìbú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láti èjìká kan dé èkejì, ó tún fi yí àyà mi ká. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọkọ mi, o ti rù. Kí ló ṣẹlẹ̀?" N kò lè purọ́ fún ọwọ́ yẹn. Mo sọ ohun gbogbo fún un. Kò sọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ owó tó wé síbẹ̀, ó kà á pẹ̀lú ìka, ó sì fi í sí mi lọ́wọ́. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni. Mo kọ̀, ó ní kí n má kọ̀.

Ẹ̀yìn ìsìnkú rẹ̀ ni ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ tó sọ fún mi pé owó oògùn oṣù náà ni. Dókítà ti sọ fún un pé oògùn náà kò lè mú un ríran mọ́, pé kí ojú má baà máa dùn ún ni òun fi ń lò ó. Ó fara da ìrora náà fún oṣù kan, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, n kò kọ ìtàn yìí kí ẹ lè bá mi sunkún. Mo ní ohun mẹ́ta tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Èkíní, bí ẹ bá ti lé ní 40 ọdún, ẹ lọ yẹ ojú yín wò, bí ẹ tilẹ̀ ń rí ojú abẹ́rẹ́. Àrùn yìí wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Nítorí ti Màmá ni ìyá mi fi lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì bá a lára rẹ̀ nígbà tí kò tíì bàjẹ́. Ó ń ríran títí di òní. Èmi náà ń kán oògùn lálaalẹ́ báyìí. Títí dé ìparí, ẹni tó di ilẹ̀kùn mú fún àwọn àbúrò rẹ̀ kò tíì fi í sílẹ̀. Èkejì, bí àgbà kan tó mọ ìkíni bá ṣàdédé dákẹ́ kíkí, ẹ má sọ pé ó ń gbéra ga. Ẹ súnmọ́ ọn, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ bi í léèrè. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ètò ìlú, ẹ rántí pé aránṣọ, onídìrí, kápẹ́ńtà àti mẹkáníìkì náà ń dàgbà. Ètò ìfẹ̀yìntì tó mọ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì nìkan kò tíì mọ ìdajì ìlú.

Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ ogún, àríyànjiyàn díẹ̀ wáyé lórí máṣíìnì. Ẹnì kan ní kí a tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹlòmíràn fẹ́ gbé e lọ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀. Ìyá mi ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní irinṣẹ́ ni, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ó gbé e. Ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn ló gbé e lọ, ó sì ń fi í ránṣọ lónìí ní ojúlé kejì sí ṣọ́ọ̀bù àtijọ́. Ègé àkísà inú àpótí ni a kó fún un pẹ̀lú. Ó ti fi wọ́n rán aṣọ ìbora fún ọmọ rẹ̀.

Èmi ni wọ́n fún ní ìwé. Mo ṣí i dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. 2019 ni ó kọ síbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà gbàǹgbà tó wọ́, tó gorí ìlà, tó sì gun ara wọn, nítorí pé kò rí ohun tó ń kọ. Ó ya ṣíbí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyà 37. Ní ojú ìwé tó ṣáájú rẹ̀, 41 ni. Ó ti wọ́ ìlà sábẹ́ 37 náà lẹ́ẹ̀mejì, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe sí iṣẹ́ tí kò fẹ́ kí ọmọ-iṣẹ́ gbàgbé.

Mo ti sanra padà, Màmá. Àyà mi ti tó 40. N kò mọ ẹni tí yóò bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Ó di gbéré. Kí ilẹ̀ tí ẹ sùn sí tù yín lára, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń dúró dè wá mọ́.